Ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀: Adùn Tí Mo Rí Nínú Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá gba òwe yìí gbọ́ yóò gbà pé orúkọ kì í ṣe ohun òfìfo: ilé kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn kan sì wà nínú ilé náà. Bí ó ti rí fún orúkọ ènìyàn ni ó rí fún orúkọ ohun gbogbo tí a ń jẹ, tí a ń rà, tí a sì ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń tẹ̀lé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilé wọn, láti mọ ẹni tí ó bí wọn, ẹni tí ó tọ́ wọn dàgbà, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà kí wọ́n tó dé ẹnu wa.

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹ̀yin òǹkàwé lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá pẹ̀lú. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan tilẹ̀ bi mí léèrè nígbà kan bóyá mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ láti kó lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo dá a lóhùn pé rárá o. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé adùn tí mo rí nínú ìtàn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wo ọgbẹ́ kan sàn fún mi, ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí mi lára nítorí pé mo sọ Yorùbá. Mo sì ti fi ojú ara mi rí i pé ọgbẹ́ náà ṣì ń wà lára àwọn ọmọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ kọ́.

Àlùbọ́sà Ìyá Mi

Ìkòsì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítòsí Kétu, ní àgbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ yóò mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ Ìkòsì kí a má mẹ́nu ba oúnjẹ. Èso ni ti ọjà Ìkòsì. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà ni ti Máìlì Méjìlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti Òkè Ọya ti ń já ẹrù láti òru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà ní Máìlì Méjìlá. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ Haúsá dáadáa nítorí àwọn tí ń kó àlùbọ́sà wá láti Sókótó àti Kánò, wọ́n sì mọ owó í kà ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kàwé lọ.

Ilé ìwé aládàáni kan ni wọ́n fi mí sí. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri, pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ "vernacular". Ní ọjọ́ kan tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ wa ní kí a máa dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a sọ iṣẹ́ tí àwọn òbí wa ń ṣe. Nígbà tí ó kàn mí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi orúkọ ọjà tí ìyá mi ń tà, ti Gẹ̀ẹ́sì fò lọ lórí mi, mo sì pe àlùbọ́sà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa fi okùn so páálí kan mọ́ mi lọ́rùn, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé mo sọ "vernacular", èmi sì gbé e kọ́rùn títí agogo ìparí fi lù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo bá ìyá mi ní ìsọ̀ wọn níbi tí àwọn àti oníbàárà kan ti ń ná ọjà. Mo sọ fún wọn lójú oníbàárà náà pé kì í ṣe àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà, "onion" ni. Ìyá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ni mo tà tí mo fi san owó ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ ní 'onion' yẹn." Oníbàárà rẹ́rìn-ín; èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí ìyá mi ń tà, mo máa ń sọ pé wọ́n ń ṣòwò ni. N kò jẹ́ dárúkọ ọjà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo bí páálí tí wọ́n so fún wákàtí díẹ̀ ti lè pẹ́ tó lọ́rùn ọmọ.

Ìwé Tòkunbọ̀ Láti Kétu

Nígbà tí mo ń kàwé gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì, mo ra ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó máa ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Kétu. Ìwé tòkunbọ̀ ni. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ní ìlú òyìnbó sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé kò wọ́n ni mo ṣe rà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí i pé lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí ó ti wá síbẹ̀. Kí ni ẹ rò pé mo kọ́kọ́ wá? "Onion" ni.

Ìwé náà fi yé mi pé "onion" kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á. Àwọn Faransé náà sì jogún rẹ̀ láti inú èdè Látìn, níbi tí "unio" ti jẹ́ orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pe irú àlùbọ́sà kan. Mo pa ìwé dé, mo tún un ṣí. Mo rántí páálí ọrùn mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín pé n kò rántí, àṣé àyálò ni!

Mo wá yíjú sí àlùbọ́sà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti yá a. "Albasa" ni wọ́n ń pè é. Àwọn náà yá a láti inú èdè Lárúbáwá tí ó ń pè é ní "al-basal". "Al" tí ó ṣíwájú yẹn ni Lárúbáwá fi ń fi hàn pé nǹkan pàtó ni òun ń sọ. Òun náà ni ó wà níwájú àlàáfíà, níwájú àlùwàlá, àti níwájú àlùmọ́gàjí tí àwọn aránṣọ fi ń gé aṣọ. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé "al" kan náà yìí ni ó wà níwájú "alcohol", "alcove" àti "algebra" tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò. "Al-jabr" ni "algebra" ní ilé rẹ̀. Inú àkọlé ìwé ìṣirò tí al-Khwarizmi kọ ní Bàgídáàdì ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ni ó ti jáde. Láti ara orúkọ ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ni "algorithm" tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò sì ti wá. Ìyá mi tí ń ta àlùbọ́sà àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń kọ́ni ní "algebra", "al" kan náà ni wọ́n jọ ń pè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé èdè wa kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Ìdí nìyẹn tí fáwẹ̀lì fi wọ àárín "l" àti "b" nínú "albasa". Àyálò àfetíyá ni, nítorí pé etí ni àwọn ìyá wa fi gbà á lẹ́nu àwọn Haúsá, kì í ṣe inú ìwé. Wọ́n tún sílébù rẹ̀ tò, wọ́n fún un ní ohùn, ó sì di ti wa. Bí a ṣe sọ "albasa" di àlùbọ́sà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ti Faransé di "onion". Kò sí èyí tí ó lè fi ekejì ṣẹ̀sín.

Ìrìn Àjò Láàárín Ọjà

Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ ọjà Máìlì Méjìlá, ìwé atúmọ̀-èdè máa ń ṣí sílẹ̀ ní ọkàn mi. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ọjà náà. "Mile" ti inú gbólóhùn Látìn kan wá, "mille passus", èyí tí ó túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù ni kí ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ kan náà tún padà kan ilẹ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ni lọ́dọ̀ tiwa. Báyìí ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n ọ̀nà, wọ́n a sì máa ri òkúta mọ́lẹ̀ ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1593, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máìlì sí 5,280 ẹsẹ̀ bàtà. Nàìjíríà ti fi máìlì sílẹ̀, ó ti gba kìlómítà, síbẹ̀ kọ̀ńdọ́ inú dáńfó kò yé é ké, "Máìlì Tuwéèfù! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Kò mọ̀ pé ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù ni òun ń kà.

Bí a bá dé ìsọ̀ tòmátì, a ti dé Mẹ́síkò. "Tomatl" ni wọ́n ń pè é ní èdè Nahuatl. Àwọn ará Sípéènì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di "tomate", àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn. "Pepper" jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti gba inú Gíríkì àti Látìn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irúgbìn dúdú kékeré tí a ń lọ̀ sí oúnjẹ ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ fún. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé Amẹ́ríkà tí wọ́n rí irú ata tí a ń jẹ lónìí, tí ó ta wọ́n lẹ́nu, orúkọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé fún un. Ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà títí di òní.

Ìsọ̀ oníṣu ni mo máa ń pẹ́ jù sí. Àwọn Potogí ń pe iṣu ní "inhame", ti àwọn ará Sípéènì jọ ọ́, ibẹ̀ sì ni "yam" ti jáde. Àwọn onímọ̀ gbà pé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nínú èdè Fúlàní, ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ túmọ̀ sí jíjẹ. "Banana" náà, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni wọ́n ti gbé e lọ. Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ ti ṣe ń rìn. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wa, ó dé Potogí, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ aṣọ òyìnbó, ó sì tún padà wá bá wa nínú ìwé kíkà. A kò dá a mọ̀ mọ́. Ọmọ wa ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ni mo máa ń pe irú wọn.

"Tokunbo" fúnra rẹ̀ náà ti rìn. Ọmọ tí a bí lókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti di orúkọ ọkọ̀ àti ẹrù àlòkù, nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè tí Yunifásítì Oxford ń tẹ̀ gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti "danfo" àti "okada". Ìtàn "okada" dùn púpọ̀. Orúkọ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni. Láti ara ìlú náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ti gba orúkọ. Àwọn ènìyàn sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà pe alùpùpù akérò. Ọkọ̀ òfuurufú ti kógbá wọlé, alùpùpù ni ó jogún orúkọ.

Ìkìlọ̀ Fún Ẹni Tí Ń Gé Ọ̀rọ̀ Bí Iṣu

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n ṣe ìkìlọ̀ kan, nítorí pé adùn yìí ní ewu tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn láti máa gé ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé iṣu, kí a sì máa fún wẹ́lẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní orírun àlùbọ́sà. Ọ̀kan nínú wọn dìde tìgboyàtìgboyà, ó ní "à-lù-bọ́-sá" ni: ó lu ènìyàn lójú, omijé bọ́, ènìyàn sì sá. A rẹ́rìn-ín títí, mo sì yìn ín fún làákàyè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kì í ṣe òótọ́.

Irú rẹ̀ wà nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti kọ́ ọmọ pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé ni wọ́n kó jọ di "news". Kò rí bẹ́ẹ̀. "New" tí a fi ń pe ohun tuntun ni wọ́n sọ di ọ̀pọ̀. Ohun tuntun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ìròyìn. Ìtàn tí ó bá dùn jù, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ẹ̀rí kí ẹ tó gbé e dé kíláàsì. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ilé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e dé ilé; kò gbọdọ̀ dúró sí ìta kí ó máa méfò.

Ilá àti "Okra"

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá jẹ́ fàájì lásán fún mi bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí ní sáà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí TP. Mo lọ wo ọ̀kan nínú wọn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá ni. Ó gbé àwòrán oúnjẹ kọ́ sójú pátákó, ó ń tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń pe orúkọ wọn. Nígbà tí ó tọ́ka sí ilá, ọmọkùnrin kékeré kan sáré na ọwọ́, inú rẹ̀ dùn pé òun mọ̀ ọ́n, ó ní, "Ilá!"

Àwọn ọmọ yòókù pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ fún un pé "okra" ni, ó sì fa ìwé kékeré kan yọ, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọmọ náà jókòó, ó gbé orí lé tábìlì. Kò tún na ọwọ́ mọ́ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Mo mọ ohun tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, bí n kò tilẹ̀ rí páálí.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ni o kọ sínú ìwé kékeré yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà. Òfin ilé ìwé ni. Ọmọ tí ó bá sọ 'vernacular' yóò san àádọ́ta náírà. Bí n kò bá kọ orúkọ rẹ̀, èmi ni wọn yóò fi sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá."

"Ìwọ tí o ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá?"

Ó dorí kodò. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

N kò lè bá a wí. Ọwọ́ ilé ìwé náà ni apá kan nínú máàkì rẹ̀ wà, àlejò sì ni níbẹ̀. Mo kàn bi í pé èdè wo ni "okra". Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè fún un, mo ní kí ó kà á fún mi. Ó kà á pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ó bá "ọ́kụ̀rụ̀" tan, orúkọ tí àwọn Ígbò ń pe ilá. Ó dákẹ́. Ó tún un kà. Ó wá ní, "Sà, ìyẹn ni pé mo gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà, mo fi Ígbò rọ́pò rẹ̀, mo sì ní kí ó san owó lé e?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "'Vernacular' ńkọ́, sà? Níbo ni òun ti wá?"

Ilé Tí "Vernacular" Ti Wá

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹnì kan ti bi olùkọ́ mi ní ọjọ́ tí ó so páálí mọ́ mi lọ́rùn. Inú Látìn ni "vernacular" ti wá, láti ara "vernaculus", ara "verna" ni "vernaculus" sì ti jáde. "Verna" ni wọ́n ń pe ẹrú tí a bí sínú ilé olówó rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Róòmù fi "vernaculus" pe ohunkóhun tí ó bá jẹ́ ti ilé, tí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè. Ìtumọ̀ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà náà: ẹrú àti ilé. Ẹni tí ó kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwé wa, ìtumọ̀ ti ẹrú ni ó lò, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ "vernacular" rí. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́, Látìn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè àwọn tí ń roko tí wọ́n sì ń da ẹran. Àmì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. Nígbà tí màlúù wà láàyè lọ́wọ́ darandaran, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́, "cow". Nígbà tí ó bá dé orí tábìlì olówó, ó di "beef", tí ó ti inú Faransé wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀. Ní 1362 ni òfin tó jáde pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní ilé ẹjọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbọ́ Faransé. Faransé ni wọ́n sì fi kọ òfin náà. Èdè tí ó la irú nǹkan báyìí kọjá kò ní ìdí láti fi èdè mìíràn ṣẹ̀sín.

Ní ti ẹrú, ẹ jẹ́ kí a rántí Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á dé Èkó, wọ́n tà á fún àwọn Potogí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ọkùnrin yìí ni ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó fi èdè wa sínú ìwé. Òun náà sì tòkun bọ̀ wá sílé. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, ta ni ó tún lè pe Yorùbá ní èdè ẹrú?

Ìjọba náà kò dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fi Gẹ̀ẹ́sì jóná. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti pa ìlànà náà tì. Òfin lè wá, òfin sì lè lọ. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú ọmọ ni ó mọ ohun tí yóò kọ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀.

Ìwé atúmọ̀-èdè ti Oxford náà tún ti gba àwọn ọ̀rọ̀ wa mìíràn wọlé: "eba", "gele", "adire", "agbero", "japa", àti "abi" pàápàá. Mo fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn, tí òun náà ti di olùkọ́. Èsì rẹ̀ ni pé, "Sà, ọmọ tí ó bá sọ pé ẹ̀bà ni òun jẹ, èló ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí?"

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, n kò sọ pé kí ẹ má kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́ wọn dáadáa, ẹ sì kọ́ wọn débi pé wọn yóò mọ ilé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ní ọjọ́ kan, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ohun kan tí wọ́n ń tà ní ọjà wá ní èdè ilé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ tẹ̀lé àwọn méjèèjì lọ sí ilé wọn. Ọmọ tí ó bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá òun àti ọ̀rọ̀ òyìnbó ti jọ rin ọ̀nà jíjìn kò ní tijú èyíkéyìí nínú wọn mọ́.

Ìyá mi ti fi ọjà sílẹ̀. Wọ́n wà nílé ní Ìkòsì. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ ìtàn àlùbọ́sà fún wọn láti ilẹ̀ Lárúbáwá títí dé ìsọ̀ wọn ní Máìlì Méjìlá. Mo tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú oníbàárà wọn níjọ́ kìíní àná. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Ṣé láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń wá a kiri inú ìwé? Àwọn Haúsá tí mo ń rà á lọ́wọ́ wọn ì bá ti sọ fún ọ."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè lónìí ohun tí ìyá mi tà tí wọ́n fi rán mi ní ilé ìwé, mo máa ń dá a lóhùn pé àlùbọ́sà ni.